Ìmọ́lẹ̀ tí ń Wo Abẹ́ Awọ Láì Lo Ọ̀bẹ

Ẹ̀kọ́ lórí bí ọgbẹ́ ṣe ń jinná, awọ ara tí a gbìn, àti ẹ̀rọ tí a fi ń ṣọ́ wọn

Kò sí ilé kan ní abúlé tí a kò ti tọ́jú ọgbẹ́ rí. Àgbẹ̀ fi àdá ṣá ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀ ní oko. Ọmọdé ṣubú lórí òkúta. Omi gbígbóná dà sí ìyá lára nídìí ààrò. A fọ ojú ọgbẹ́ náà, a fi aṣọ mímọ́ dì í, a sì ń retí. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹta, ọkàn ẹni tí ó ni ọgbẹ́ kò balẹ̀ mọ́. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti ń jinná, tàbí ó ń kẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Ó tú aṣọ náà wò. Aṣọ ti lẹ̀ mọ́ ojú egbò. Bí ó ti ń fà á, èépá ṣí kúrò, ẹ̀jẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, awọ tuntun tí ara ti fi ọjọ́ mẹ́ta hun sì ya. Ohun tí ó fẹ́ wò ni ó fi wíwò bà jẹ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìṣòro yìí kì í ṣe ti ará oko nìkan. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ wà lónìí tí wọ́n ń gbin awọ ènìyàn sínú àwo, kí wọ́n lè fi bo ara ẹni tí iná jó tàbí ẹni tí egbò rẹ̀ kọ̀ tí kò jinná. Irú ìṣòro kan náà ni ó dojú kọ wọ́n. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá awọ tí wọ́n gbìn dára, wọ́n ní láti gé nínú rẹ̀ wò. Èyí tí wọ́n bá sì gé ti kú, kò wúlò fún aláìsàn mọ́. Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ yìí yóò fi hàn wá bí wọ́n ṣe fi ìmọ́lẹ̀ rọ́pò ọ̀bẹ, àti ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan àwa tí awọ wa dúdú.

AWỌ ARA WA

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí aṣọ lásán ni awọ ṣe rí fún ara. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ̀yà ara tí ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru ni awọ, gẹ́gẹ́ bí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró. Bí ó bá ṣe é ṣe kí a tẹ́ awọ àgbàlagbà kan sílẹ̀ bí ẹní, fífẹ̀ rẹ̀ yóò tó mítà onígun mẹ́rin 1½ sí 2. Òun ni kì í jẹ́ kí omi ara gbẹ. Òun ni ó ń dènà kòkòrò àrùn. Òun ni ó ń fi òógùn mú ara tutù. Òun náà ni ó sì ń kìlọ̀ fún wa bí iná bá ń jó wa tàbí bí ẹ̀gún bá gún wa.

Ipele méjì pàtàkì ni awọ ní. Èyí tí ó wà lókè tín-ín-rín púpọ̀. Ní ibi tí ó pọ̀ jù lọ lára wa, kò nípọn ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà kan lọ. Àìmọye sẹ́ẹ̀lì ni ó pọ̀ tí ó di ipele yìí. Sẹ́ẹ̀lì ni ẹyọ kékeré tí ara gbogbo ohun ẹlẹ́mìí fi di odidi, bí bíríkì ti ń di ilé. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i. Ní ìsàlẹ̀ ipele yìí ni a ti ń bí sẹ́ẹ̀lì tuntun lójoojúmọ́. Wọn a máa gòkè díẹ̀díẹ̀, wọn a gbẹ, wọn a sì bọ́ kúrò. Àwọn tí ó ti gbẹ wọ̀nyí wà lára ìdọ̀tí tí kànìnkànìn ń ha kúrò nígbà tí a bá ń wẹ̀.

Ipele kejì, tí ó wà nísàlẹ̀, nípọn ju èkíní lọ: ó tó mìlímítà 1 sí 4. Níbẹ̀ ni iṣan ẹ̀jẹ̀ wà, àti iṣan tí ń mọ ìrora, àti gbòǹgbò irun. Fọ́nrán líle kan tí à ń pè ní kọ́lájìn ni ó so gbogbo wọn pọ̀. Ẹni tí ó bá ti jẹ pọ̀nmọ́ rí ti jẹ kọ́lájìn, nítorí òun ni ó pọ̀ jù nínú awọ màlúù, òun ni ó sì ń mú kí awọ náà yi.

BÍ ỌGBẸ́ ṢE Ń JINNÁ

Ìpele mẹ́rin ni ọgbẹ́ ń gbà jinná, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan a máa wọ inú èkejì.

Ìpele kìn-ín-ní ni dídá ẹ̀jẹ̀ dúró. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a dì, a sì dí ojú iṣan tí ó gé.

Ìpele kejì ni gbígbá ilẹ̀ ojú ọgbẹ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ a rọ́ lọ síbẹ̀ láti pa kòkòrò àti láti kó ẹran tí ó ti kú kúrò. Ibẹ̀ a wú, a gbóná, a sì máa ro ẹni fún ọjọ́ díẹ̀. Ìrora yìí kì í ṣe ọ̀tá nígbà gbogbo. Àwọn baba wa ti wí pé títa ríro là ń kọ ilà, bí ó bá jinná tán a di oge.

Ìpele kẹta ni àtúnkọ́. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun tín-ín-rín a hù sí ojú ọgbẹ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ipele ìsàlẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í hun kọ́lájìn tuntun. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ipele òkè a sì máa rá kòrò láti etí ọgbẹ́, lábẹ́ èépá, títí àwọn tí ó ti apá ọ̀tún wá yóò fi pàdé àwọn tí ó ti apá òsì wá. Ibi tí ó bá ní ọ̀rinrin díẹ̀ ni ó rọrùn fún wọn láti rìn. Bí ojú ọgbẹ́ bá gbẹ jù, ìrìn wọn a falẹ̀.

Ìpele kẹrin ni fífi ẹsẹ̀ ilé múlẹ̀. Ó lè gba oṣù púpọ̀, àní ó lè ju ọdún kan lọ. Ara a máa tú kọ́lájìn tí ó fi ìkánjú hun, a sì máa tún un hun kí ó lè le sí i. Síbẹ̀síbẹ̀, agbára àpá kì í dọ́gba pẹ̀lú ti awọ àtètèkọ́ṣe. Kì í ju nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun kan níhìn-ín. Abẹ́ èépá ni iṣẹ́ tí ó ṣe pàtàkì jù lọ ti ń lọ. Ojú òde lè dà bí ẹni pé ó ti san, kí ọyún sì wà nísàlẹ̀. Ó sì lè rí gánnákù lójú, kí iṣẹ́ rere máa lọ nínú lọ́hùn-ún. Ojú nìkan kò tó láti fi ṣe ìdájọ́.

AWỌ TÍ A GBÌN BÍ IRÚGBÌN

Bí ọgbẹ́ bá kéré, ara ni yóò tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bí iná bá jó ènìyàn débi pé kò sí awọ rere kù yí egbò náà ká, níbo ni sẹ́ẹ̀lì tuntun yóò ti rá wá? Láyé àtijọ́, púpọ̀ nínú irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni kì í là á já. Omi ara wọn a gbẹ, kòkòrò a sì wọlé sí wọn lára.

Ní ọdún 1975, James Rheinwald àti Howard Green, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan tí à ń pè ní MIT ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe àlàyé ọ̀nà tí wọ́n fi mú kí sẹ́ẹ̀lì ipele òkè awọ ènìyàn máa pọ̀ sí i nínú àwo. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin kòkó yóò tètè mọ ọgbọ́n tí wọ́n lò. A kì í ju kóró kòkó sí gbangba oko kí a máa wò ó. A ń tọ́ ọ lábẹ́ ibòji títí yóò fi tó lọ gbìn. Bákan náà ni àwọn ọkùnrin wọ̀nyí kọ́kọ́ tẹ́ sẹ́ẹ̀lì eku sínú àwo gẹ́gẹ́ bí olùtọ́. Wọ́n ti fi ìtànṣán dá sẹ́ẹ̀lì eku náà lẹ́kun kí ó má lè bí sí i mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì lè tọ́jú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tí wọ́n gbìn sí orí rẹ̀.

Ní ọdún 1979, ìwé kan tún jáde tí ó ṣàlàyé bí a ṣe lè ká awọ tí ó hù bẹ́ẹ̀ kúrò nínú àwo ní odidi, kí a lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara. Orúkọ ènìyàn mẹ́ta ni ó wà lórí ìwé náà: Howard Green, Olaniyi Kehinde àti James Thomas. Kò sí ọmọ Yorùbá kan tí yóò gbọ́ èkejì nínú orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí inú rẹ̀ kò ní dùn.

Ní ọdún 1983 ni ìdánwò ńlá dé. Iná jó ọmọdé méjì, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ní ìpínlẹ̀ Wyoming ní Amẹ́ríkà. Ó jó ju ìdá 95 nínú 100 ara wọn lọ. Wọ́n gbé wọn lọ sí ìlú Boston. Awọ kékeré tí ó kù ní abẹ́ abíyá wọn ni àwọn dókítà gé díẹ̀ nínú rẹ̀, tí wọ́n gbìn, tí wọ́n sì fi bo ara wọn. Àwọn ọmọ méjèèjì là á já. Nínú ìwé tí ó ròyìn iṣẹ́ náà ní ọdún 1984, orúkọ Kehinde tún wà níbẹ̀.

Lápá kejì ẹ̀wẹ̀, Eugene Bell, tí òun pẹ̀lú wà ní MIT, ròyìn ní ọdún 1981 pé òun ti ṣe awọ tí ó ní ipele méjèèjì. Ó po sẹ́ẹ̀lì mọ́ kọ́lájìn láti fi ṣe ìsàlẹ̀, ó sì gbin ipele òkè sórí rẹ̀. Láti inú irú iṣẹ́ yìí ni awọ tí à ń pè ní Apligraf ti jáde, èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 1998 fún egbò ẹsẹ̀ tí kò jinná, àti ní ọdún 2000 fún egbò àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn tí ó ní àrùn àtọ̀gbẹ.

ÌṢÒRO TÍ Ọ̀BẸ DÁ SÍLẸ̀

Kí a tó lẹ awọ tí a gbìn mọ́ ara aláìsàn, a ní láti mọ̀ bóyá ipele rẹ̀ pé, bóyá sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ wà láàyè, àti bóyá kọ́lájìn rẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ọ̀nà àtijọ́ ni pé kí a gé e ní pẹlẹbẹ tín-ín-rín, kí a fi aró kùn ún, kí a sì fi awò asọnǹkandi-ńlá wò ó. Ọ̀nà yìí dára, a sì ń lò ó di òní. Ṣùgbọ́n àléébù méjì ni ó ní. Èkíní ni pé ohun tí a bá gé ti kú. Èkejì ni pé a kò lè padà wo ibi kan náà lọ́jọ́ kejì. Bí a bá fẹ́ mọ bí ọgbẹ́ kan ṣe ń jinná láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ kẹwàá, ọgbẹ́ mẹ́wàá ni a ní láti gé, tí ọ̀kan kì í sì í ṣe èkejì. Ó dà bí ìgbà tí àgbẹ̀ bá ń hú iṣu rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti wò bóyá ó ti ta. Irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò mọ púpọ̀ nípa iṣu, ṣùgbọ́n kò ní rí iṣu jẹ.

Ọ̀nà wo ni a lè gbà wo ohun tí ó wà lábẹ́lẹ̀ láì hú u?

Ẹ DÁN ÈYÍ WÒ PẸ̀LÚ TỌ́Ọ̀ṢÌ

Bí ilẹ̀ bá ṣú lálẹ́ òní, kí ọ̀kan nínú yín wọ inú iyàrá tí ó ṣókùnkùn. Kí ó tan tọ́ọ̀ṣì, kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú rẹ̀, kí àwọn ìka sì sún mọ́ ara wọn. Yóò rí i pé etí ìka rẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná. Ṣùgbọ́n kò ní rí eegun rẹ̀ dáradára. Gbogbo rẹ̀ yóò dà bí ìgbà tí a bá ń wo nǹkan nínú kùrukùru.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni ó wà nínú ìdánwò kékeré yìí. Èkíní ni pé ìmọ́lẹ̀ a máa wọ inú ara. Èkejì ni pé ara a máa gbé àwọ̀ kan mì ju òmíràn lọ: ẹ̀jẹ̀ ń gbé àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró mì, ó sì ń jẹ́ kí pupa kọjá. Ìmọ́lẹ̀ mìíràn tún wà tí ó ré kọjá pupa, tí ojú ènìyàn kò lè rí. Òun ni ó ń wọ inú awọ jinlẹ̀ jù, òun sì ni ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn ń lò. Ẹ̀kẹta ni pé bí ìmọ́lẹ̀ bá wọ inú ara, a máa fọ́n káàkiri nítorí pé ó ń kọlu sẹ́ẹ̀lì àti kọ́lájìn. Ìfọ́nká yìí ni kò jẹ́ kí a rí eegun. Gbogbo ọgbọ́n àwọn onímọ̀ ni bí wọn yóò ṣe ya ìmọ́lẹ̀ tí ó mú ìròyìn òtítọ́ bọ̀ kúrò lára èyí tí ó ti ṣìnà.

Ẹ̀RỌ TÍ Ń GBA GBOHÙNGBOHÙN ÌMỌ́LẸ̀

Ẹni tí ó bá dúró níwájú òkè gíga, bí irú àwọn òkè Ìdànrè, tí ó sì kígbe, yóò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tí ó padà wá. Bí òkè bá jìnnà, ohùn a pẹ́ kí ó tó dé; bí ó bá sún mọ́ tòsí, a tètè dé. Ẹni tí ó bá ní ọgbọ́n lè fi bí ohùn ti pẹ́ tó mọ bí òkè ti jìnnà tó. Ọgbọ́n yìí ni adán ń lò lóru. Ọgbọ́n yìí náà ni ẹ̀rọ tí a fi ń wo ọmọ inú aboyún ní ilé ìwòsàn ń lò.

Ní ọdún 1991, àwọn onímọ̀ kan ní MIT, tí James Fujimoto wà lára wọn, ròyìn ẹ̀rọ tí ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe ohun tí adán ń fi ohùn ṣe. Orúkọ rẹ̀ ní kúkúrú ni OCT. Ìṣòro ńlá kan wà tí wọ́n ní láti borí. Ìmọ́lẹ̀ ń sáré tó 300,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan; kí a tó ṣẹ́jú, ó lè yí gbogbo ayé ká. Kò sí aago kan tí ó rọrùn láti fi ka bí ó ti pẹ́ tó nínú awọ tí kò nípọn ju mìlímítà díẹ̀ lọ.

Nítorí náà wọ́n pín ìmọ́lẹ̀ kan sí méjì. Wọ́n rán ìdajì sí ara awọ, wọ́n sì rán ìdajì kejì sí ara dígí tí wọ́n mọ bí ó ti jìnnà tó. Nígbà tí méjèèjì bá padà, wọ́n a jẹ́ kí wọ́n pàdé. Ẹ rántí bí ó ti máa ń rí nígbà tí onílù méjì bá ń lù papọ̀. Bí ọwọ́ wọn bá ṣe déédéé, ìlù náà a dún ketekete. Bí ọ̀kan bá pẹ́ sẹ́yìn, a di ariwo lásán. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ méjì yìí. Bí ọ̀nà tí wọ́n rìn bá gùn dọ́gba nìkan ni wọ́n tó ń ṣe déédéé. Nítorí pé a mọ bí dígí ti jìnnà tó, a ó mọ bí ibi tí ìmọ́lẹ̀ kejì ti padà nínú awọ ti jinlẹ̀ tó. Èyí tí ó ti ṣìnà kiri kì í bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe déédéé, a ó sì kọ ìròyìn rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀rọ yìí lè rí ohun tí ó wà ní mìlímítà 1 sí 2 nísàlẹ̀ awọ, ó sì lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ohun méjì tí àlàfo wọn kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà lọ. Kò gé awọ, kò fi aró kùn ún. A tún lè fi irú rẹ̀ kan rí ẹ̀jẹ̀ bí ó ti ń rìn nínú iṣan tuntun, kí a lè mọ̀ bóyá awọ tí a lẹ̀ mọ́ ara ti ń gba ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀RỌ TÍ Ń MÚ KÍ ARA FÚNRA RẸ̀ TÀN

Ẹ̀rọ kejì kì í wo jinlẹ̀ tó ti ìṣáájú, ṣùgbọ́n ó lè fi sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan hàn kedere. Ohun tí ó bí i ni pé àwọn èròjà kan wà nínú ara tí wọ́n máa ń tàn bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí sẹ́ẹ̀lì ń lò láti sọ oúnjẹ di agbára. Bí ó ti ń tàn ń sọ fún wa bí sẹ́ẹ̀lì náà ṣe ń jẹun, àti bóyá ó wà láàyè.

Ní ọdún 1931, obìnrin onímọ̀ kan, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, Maria Göppert-Mayer, kọ ọ́ pé ó ṣe é ṣe kí ẹyọ ìmọ́lẹ̀ aláìlágbára méjì ṣe iṣẹ́ alágbára kan, bí wọ́n bá débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dà bí odó ńlá tí ẹnì kan kò lè dá gbé. Bí ọkùnrin méjì bá wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, odó kò ní kúrò nílẹ̀; bí wọ́n bá jùmọ̀ dì í mú, yóò gbéra. Ní ọdún 1990, Winfried Denk, James Strickler àti Watt Webb, ní yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, fi ọgbọ́n yìí ṣe awò asọnǹkandi-ńlá. Ibi tí wọ́n bá dojú ìmọ́lẹ̀ lésà pọ̀ sí nìkan ni ẹyọ ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ tó kí méjì lè pàdé. Nítorí náà ibẹ̀ nìkan ni yóò tàn. Bí wọ́n ti ń sún ojú ìmọ́lẹ̀ náà kiri, wọ́n ń rí àwòrán sẹ́ẹ̀lì kan lẹ́yìn èkejì.

Kọ́lájìn pàápàá ní ẹ̀bùn tirẹ̀. Bí irú ìmọ́lẹ̀ yìí bá kàn án, a máa so ẹyọ méjì pọ̀ di ẹyọ kan tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì. A lè rí fọ́nrán rẹ̀ bí ó ti tò, bóyá ó tẹ́ létòlétò bí òwú aṣọ òfì, tàbí ó rún mọ́ra bí ti àpá. Kọ́lájìn tí ooru bá sì ti bà jẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Òkùnkùn rẹ̀ ni ó ń fi ibi tí iná jó hàn.

OHUN TÍ WỌ́N FI ẸRỌ WỌ̀NYÍ ṢE

Ní ọdún 2004, àwọn onímọ̀ ní ìlú Irvine, ní ìpínlẹ̀ California, ròyìn pé àwọn ti lo ẹ̀rọ méjèèjì lórí awọ tí a gbìn. Wọ́n fi lésà dá ọgbẹ́ sí awọ náà, wọ́n sì ń ṣọ́ bí ó ti ń jinná. Ẹ̀rọ kìíní fi bí gbogbo ojú ọgbẹ́ ti rí hàn wọ́n, bí ẹni tí ó dúró lórí òkè tí ó ń wo gbogbo ìlú. Ẹ̀rọ kejì fi sẹ́ẹ̀lì àti fọ́nrán kọ́lájìn hàn wọ́n, bí ẹni tí ó sọ̀ kalẹ̀ tí ó ń wọ ilé dé ilé. Awọ kan náà ni wọ́n ń wò, kò sì sí ẹni tí ó gba ọgbẹ́ nítorí ẹ̀kọ́ náà. Àǹfààní awọ tí a gbìn tún hàn níhìn-ín: a kì í fi bo ara aláìsàn nìkan, a tún lè fi kọ́ bí ọgbẹ́ ṣe ń jinná.

Ẹ má ṣe rò pé inú iyàrá àwọn onímọ̀ nìkan ni irú ìmọ́lẹ̀ yìí mọ sí. Nígbà tí iná bá jó ènìyàn, ó ṣòro fún dókítà láti fi ojú lásán mọ̀ bóyá ó jinlẹ̀ tó èyí tí a ní láti lẹ awọ sí, tàbí yóò san fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ mìíràn wà tí ń fi lésà wo bí ẹ̀jẹ̀ ti ń rìn lábẹ́ ibi tí iná jó. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣì ń rìn dáradára, ìrètí wà pé yóò san fúnra rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ tí ń gba àwọn ilé ìwòsàn ìjọba nímọ̀ràn fọwọ́ sí irú ẹ̀rọ yìí ní ọdún 2011. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó lè tipa bẹ́ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ abẹ tí kò yẹ kí a ṣe fún wọn.

AWỌ DÚDÚ ŃKỌ́?

Nísinsin yìí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ohun tí ó ń mú kí awọ wa dúdú ni èròjà kan tí ó wà ní ipele òkè awọ. Ààbò ni ó jẹ́ fún wa lọ́wọ́ oòrùn, ìdí rẹ̀ sì ni pé ó ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ń fi ìmọ́lẹ̀ wo ara gbọ́dọ̀ kọjá níbẹ̀ lọ àti bọ̀. Bí àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ bá fi awọ funfun nìkan dán an wò, báwo ni yóò ṣe sọ òtítọ́ lára wa?

Ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ ni èyí, kì í ṣe àròsọ. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí nọ́ọ̀sì máa ń fi há ọmọ ìka aláìsàn láti mọ bí atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ tó. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń lò. Ní ọdún 2020, àwọn dókítà ní yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà ròyìn pé nígbà tí atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ti lọ sílẹ̀, ẹ̀rọ náà ń sọ pé kò sí ewu, àti pé ó ń ṣe irú àṣìṣe yìí fún àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìlọ́po tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́ta ju fún àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Ẹni tí ẹ̀rọ bá sọ pé ara rẹ̀ yá, ta ni yóò sáré tọ́jú rẹ̀?

Ìmọ́lẹ̀ tí ó ré kọjá pupa kì í bá ìdènà púpọ̀ pàdé nínú awọ dúdú tó bí ìmọ́lẹ̀ tí a fi ojú rí, èyí sì dára fún àwọn ẹ̀rọ tí a ti sọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n a kò lè fi èyí nìkan tẹ́ ọkàn wa lọ́rùn. Àpá tí ó ga sókè, tí ó wú kọjá ààlà ọgbẹ́ tí ó bí i, wọ́pọ̀ láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ju àwọn ẹlòmíràn lọ. Nítorí náà àwa ni ó yẹ kí ẹ̀kọ́ yìí ṣe ní àǹfààní jù, a sì gbọ́dọ̀ wà lára àwọn tí a ń fi ẹ̀rọ náà dán wò. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ó yẹ kí àwọn ọmọ wa tí ó wà ní yunifásítì kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ́lẹ̀ àti ti ìṣègùn papọ̀, kí wọ́n lè bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó bá gbé ẹ̀rọ wá pé: awọ ta ni ẹ fi dán an wò?

OHUN TÍ A LÈ ṢE NÍ ILÉ

Ẹ̀rọ wọ̀nyí kò ì tí ì dé ilé ìwòsàn abúlé wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí a ti kọ́ láti ara wọn àti láti ara ọgbẹ́ wúlò fún wa lónìí.

Ẹ fi omi mímọ́ àti ọṣẹ fọ ọgbẹ́, kí ẹ sì fi aṣọ mímọ́ bò ó. Ẹ má ṣe fi ìgbẹ́ màlúù, omi bátìrì, tàbí ọ́ìlì mọ́tò sí i. Bí ohun tí ó dọ̀tí tàbí ìṣó bá gún ènìyàn, ẹ lọ gba abẹ́rẹ́ tẹ́táánọ́ọ̀sì.

Bí aṣọ bá lẹ̀ mọ́ egbò, ẹ má ṣe fà á ya. Ẹ fi omi mímọ́ rin ín títí yóò fi tú fúnra rẹ̀, nítorí sẹ́ẹ̀lì tuntun ń rìn lábẹ́ rẹ̀.

Bí iná tàbí omi gbígbóná bá jó ènìyàn, ẹ da omi tútù mímọ́ sí i fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà kí ibẹ̀ tó wú. Ẹ má ṣe fi epo pupa, ẹyin, tàbí ọṣẹ ìfọyín pa á. Bí ibi tí ó jó bá fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ẹni náà lọ, tàbí bí ó bá jẹ́ ojú, ọwọ́, tàbí ọmọ kékeré, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láì fi falẹ̀.

Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ kò ní máa mọ̀ nígbà gbogbo bí nǹkan bá gún un lẹ́sẹ̀. Kí ó máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ní alaalẹ́, tàbí kí ọmọ rẹ̀ bá a wò ó.

Lára awọ dúdú, pípọ́n ojú ọgbẹ́ kì í hàn dáadáa. Nítorí náà ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá gbóná ju ibòmíràn lọ, bí ó bá ń wú sí i, bí ìrora rẹ̀ bá ń le sí i dípò kí ó dínkù, bí ó bá ń rùn, tàbí bí ibà bá mú ẹni náà, ẹ lọ rí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì. Egbò tí ó bá sì lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí kò fi àmì jíjinná hàn kì í ṣe ohun tí a ń fi pamọ́ sábẹ́ ìró tàbí ṣòkòtò.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

Kí ẹni tí ó ń ka ìwé yìí fún ẹgbẹ́ rẹ̀ bi wọ́n léèrè:

1. Ìpele mélòó ni ọgbẹ́ ń gbà jinná, kí sì ni ń ṣẹlẹ̀ ní ìpele kẹta?
2. Àléébù wo ni ó wà nínú gígé awọ tí a gbìn láti fi wò ó?
3. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀rọ tí ó dà bí adán àti ẹ̀rọ tí ń mú kí sẹ́ẹ̀lì tàn?
4. Èéṣe tí ó fi yẹ kí a fi awọ dúdú dán ẹ̀rọ ìmọ́lẹ̀ wò kí a tó gbà á gbọ́?
5. Nínú àṣà tí a fi ń tọ́jú ọgbẹ́ ní abúlé wa, èwo ni ó yẹ kí a dì mú, èwo ni ó sì yẹ kí a jù nù?

Ẹ kò gbọdọ̀ gbàgbé ìdánwò tọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ọmọ yín bá rí i tí ìka rẹ̀ pọ́n nínú òkùnkùn, tí ó sì béèrè ohun tí ó fà á, ẹ má ṣe lé e lọ sùn. Ẹ sọ ohun tí ẹ ti kọ́ fún un.